Òṣìṣẹ́ Tí A Kò Pè
Mo yin Linux púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kan wà tí n kò fara mọ́. Ó ń gba òṣìṣẹ́ tí kò níṣẹ́ sílé. “Driver” ni mò ń wí, kì í ṣe dẹ́rẹ́bà mọ́tò o. Ètò kékeré tó ń bá ẹ̀rọ tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ wo n_hdlc. Irú wáyà ìfìròyìnránṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ wa kò ní ni ó wà fún. Síbẹ̀, aṣàmúlò tí kò láṣẹ kankan lè mú kí ó wọlé fúnra rẹ̀, bí wáyà náà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Àléébù wọ inú rẹ̀ ní 2009. 2017 ni Alexander Popov tó tú àṣírí rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè fi di ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà ọlọ́kọ̀ǹpútà!

Wọ́n á ní ìrọ̀rùn la ń wá. Lóòótọ́, ta ló fẹ́ máa pe driver lọ́kọ̀ọ̀kan? Àmọ́ bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Tèmi ni pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dé ná, kí driver rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó kọ̀ǹpútà, ẹ kọ orúkọ èyí tí ẹ kò nílò sínú /etc/modprobe.d, kí ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ọn.