Ibi Tí Oníbàárà Ti Yà Lọ́nà

Ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ń rí oníbàárà rẹ̀ lójú kojú. Ó mọ ẹni tó fọwọ́ kan aṣọ tó gbé e sílẹ̀, ó mọ ẹni tó gbọ́ iye tó dákẹ́. Ẹni tó gbé chatbot, ẹ̀rọ tó ń dá oníbàárà lóhùn fúnra rẹ̀, sórí WhatsApp kò ní àǹfààní yẹn. Òǹkà ló fi ń ríran, òǹkà náà sì lẹ́wà lójú mi.

Ọdún 2016 ni Facebook ṣí Messenger sílẹ̀ fún irú ẹ̀rọ yìí; WhatsApp tẹ̀ lé e ní 2018. Ìpolówó á gbé èèyàn wọlé, ẹ̀rọ á kí i, á béèrè ohun tó ń wá, á fi àwòrán hàn án, á dárúkọ iye, á sì júwe ibi tí yóò sanwó sí. Àrọ ni àwọn oníṣòwò ń fi ọ̀nà yìí wé, torí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n gbogbo epo tí a bá rọ sínú àrọ ló ń dé inú ìgò. Èèyàn ní tiwọn a máa yà lọ́nà.

Ká ní 1,000 èèyàn tẹ ìpolówó, 600 dá ẹ̀rọ lóhùn, 240 mú aṣọ, 60 sanwó. Mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló rà? Bí a bá kà á láti orí ìpolówó, 6 ni. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó dáhùn, 10. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti mú aṣọ, 25. Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí nìyí tí ẹni tí wọ́n bá ka iye kan fún fi gbọ́dọ̀ béèrè pé nínú àwọn wo. Àwọn 180 tó mú aṣọ tí wọn ò sanwó ló ká mi lára jù. Bóyá owó ìfiránṣẹ́ ni ẹ̀rọ fi pamọ́ títí dé òpin. Bóyá orúkọ inú àkáǹtì yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rù gbájú-ẹ̀ sì bà wọ́n. Òǹkà kò ní sọ ìdí. Ó ń tọ́ka síbi tó yẹ ká ti lọ béèrè.

Nílé wa níbí, oníbàárà a máa da nọ́ńbà àkáǹtì kọ, á jáde nínú WhatsApp, á lọ fi owó ránṣẹ́ láti inú áàpù báńkì rẹ̀. Ẹ̀rọ kò rí i. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníbàárà sá lọ. Àfi kí á fi álẹ́ẹ̀tì báńkì wé ohun tí ẹ̀rọ kọ, kí gbogbo ọjà tí wọ́n bá béèrè fún sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹlòmíràn á béèrè lónìí, á dúró de owó oṣù kó tó san. Wákàtí 24 péré ni WhatsApp fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn oníbàárà fún ìdáhùn tó bá wuni. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi ọ̀rọ̀ tí WhatsApp ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀. Òǹkà tó bá parí lọ́jọ́ kan ṣoṣo ti rẹ́ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ jẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ tajà, kí ẹ tó fi kún owó ìpolówó, ẹ wá ìpele tí èèyàn ti ń yà jù. Ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn tó dúró níbẹ̀, ẹ tún ohun kan ṣoṣo ṣe, kí ẹ sì tún un kà.