Ẹjọ́ Rírò àti Àbárò: Àyẹ̀wò Ipò Akẹgbẹ́ nínú Fíìmù Citation

Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni fíìmù Citation, tí Kúnlé Afọláyan darí, tí Túndé Babalọlá sì kọ, bọ́ sórí Netflix. Ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, wà lára ibi tí wọ́n ti yà á. Ìtàn náà dá lórí Mọremí, akẹ́kọ̀ọ́ onípele gíga, tó fẹ̀sùn kan Ọ̀jọ̀gbọ́n Lucien N'Dyare pé ó fẹ́ fi ipá bá òun lò pọ̀. Àsìkò tí fíìmù náà jáde kò ṣeé fojú fò. Ní ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ kan ní Òṣogbo rán olùkọ́ kan ní Ifẹ̀ kan náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lórí ọ̀rọ̀ máàkì àti ìbálòpọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, BBC gbé ìwádìí ìkọ̀kọ̀ jáde nípa Yunifásítì Èkó àti ti Ghana. Ní oṣù keje ọdún 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tó tako irú ìwà bẹ́ẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí a bá fi ojú ẹjọ́ nìkan wo fíìmù yìí. Ojú mìíràn ni a fẹ́ fi wò ó níhìn-ín: àwọn akẹgbẹ́ Mọremí ń kọ́?

Ìhun ìtàn náà gún régé. Iwájú ìgbìmọ̀ tí Jọkẹ́ Sílvà ṣe alága rẹ̀ ni a jókòó sí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń jáde ni àwòrán ń gbé wa padà sí ohun tó ti kọjá. Ọgbọ́n yìí sọ òǹwòran di adájọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó gbà lọ́wọ́ wa. Mọremí ní àwọn tó sún mọ́ ọn: Kóyèjọ olólùfẹ́ rẹ̀ (Gabriel Afọláyan), Gloria (Ini Edo) àti Kwesi (Adjetey Anang). A mọ ẹ̀fẹ̀ wọn, a mọ owú Kóyèjọ. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni bí òru ṣe rí fún Mọremí lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ta ló bá a jókòó, kí ni onítọ̀hún sọ, kí ló sì fi pa mọ́ra. Lójú tiwa, àlàfo tó tóbi jù lọ nínú fíìmù náà nìyí, pàápàá bí a bá rántí bí kámẹ́rà ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ẹwà Dakar àti Cape Verde.

Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí a ń wá yìí: alábàárò. Rò ló wà nínú alábàárò. Rò ló wà nínú rojọ́ pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lè jiyàn bóyá rò kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn. Ẹni tó ń rojọ́ gbọ́dọ̀ tò ó lẹ́sẹẹsẹ: ọjọ́ wo, aago mélòó, aṣọ wo ló wọ̀. Ẹni tó ń bá alábàárò sọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìparí, ó lè dákẹ́, ó lè sunkún, ó lè tún ohun tó sọ lánàá sọ lọ́nà mìíràn, ẹnikẹ́ni kò sì ní í pè é ní òpùrọ́. Ohun tó ń bà wá nínú jẹ́ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni pé ọ̀rẹ́ a máa sọ ara rẹ̀ di adájọ́ kí akẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

Orúkọ ẹ̀dá ìtàn náà tún dá kún un. Mọremí inú ìtàn Ifẹ̀ dá lọ sọ́dọ̀ àwọn Ugbò, ó di aya ọba wọn, ó mú àṣírí wọn wá sílé, ó sì fi Olúorogbo ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́ odò. Ìlú jèrè, obìnrin kan ṣoṣo ló ru ẹrù. Nígbà tí fíìmù fún akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ní orúkọ yìí, ó fún un ní ìgboyà, ó sì fún un ní ìdánìkanwà pẹ̀lú. À bá fẹ́ àwòrán mìíràn, a kò sì ní í rìn jìnnà kí a tó rí i. Àgbàmú, ní gúúsù Kwárà, ni Adé Love, bàbá olùdarí fíìmù náà, ti wá. Gúúsù Kwárà kan náà ni Ọ̀sì wà, ìlú Aréògún, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní ọdún 1954. Ẹni tó bá wo agọ̀ Ẹpa àgbègbè náà yóò rí i pé ère ńlá àárín kì í sábà dá dúró: onílù, ìránṣẹ́, ọmọ ẹ̀yìn, gbogbo wọn ló yí i ká, ara igi kan náà ni a sì ti gbẹ́ wọn.

Kí ni èyí kan ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́? Nígbà tí a bá rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀sì tàbí Ìlọ́fà, ọjọ́ orí wọn kò ju ti ẹ̀gbọ́n lọ sí àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ni ọmọ lè kọ́kọ́ sọ fún. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwárà náà ti ní ẹ̀ka ní Ọ̀sì, akẹgbẹ́ sì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú tí tẹbí-tará ti mọ ara wọn ni ìwọ̀nyí. Ẹni tó ṣe ibi lè jẹ́ ìbátan ẹni tí a fẹ́ fẹjọ́ sùn. Alábàárò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹnu pa mọ́, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ìpamọ́ pa ẹnìkejì lára. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá. Aṣọ tó wọ̀ kò gbọdọ̀ kan omi; àpò bébà ni kí a kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá. Láti Ìlọ́fà dé Ìlọrin kì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀: owó ọkọ̀, àti ẹni tí yóò bá a wọ ọkọ̀ náà, wà lára ìtùnú. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ọ̀rọ̀ ti kọjá àṣírí ẹni méjì. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àgbà tó lè dáàbò bò ó. Kí a má sì rò pé obìnrin nìkan ni. Òfin àpapọ̀ ọdún 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn ka ọkùnrin náà mọ́ àwọn tí a lè fipá bá lò.

Nínú kíláàsì wa, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìran kan kún fíìmù náà: Mọremí wọlé lóru, Gloria ló bá nílé. Ọ̀pọ̀ ló fi ìbéèrè sí Gloria lẹ́nu: "Kí lo tilẹ̀ wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?" Ẹjọ́ ni wọ́n tún kọ. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn kọ ìlà mẹ́ta péré. Gloria ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́." Ó bu omi fún un. Ó béèrè bóyá ó fẹ́ kí òun dúró tàbí kí òun lọ. Òun ni a fún ní máàkì tó ga jù, àwọn yòókù sì ń kùn pé iṣẹ́ rẹ̀ ti kúrú jù.