Aṣọ Àgbàbọ̀: Àgbéyẹ̀wò Àjọ̀dún Àwọn Géèmù Aládàádúró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn olùdá géèmù aládàádúró gbé dání bí àsíá. Géèmù, eré tí ènìyàn ń fi kọ̀ǹpútà tàbí amóhùnmáwòrán ṣe, ti di òwò ńlá ní ayé òde òní. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ni ó máa ń pawọ́ pọ̀ ṣe ẹyọ kan ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ti àwọn aládàádúró yàtọ̀. Ẹnì kan, tàbí ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́rin, lè jókòó nínú yàrá kan, kí wọ́n dá eré tí ó wù wọ́n. Àjọ̀dún ni wọ́n sì fi ń pe ayé wá wò ó. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèétọ́ bi irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ni èyí: ǹjẹ́ àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní aládàádúró dá dúró lóòótọ́?

Irú àpéjọ yìí kì í ṣe tuntun mọ́. Ní 1998 ni wọ́n dá Independent Games Festival sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa fi ẹ̀bùn dá irú àwọn olùdá géèmù bẹ́ẹ̀ lọ́lá. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 ni Global Game Jam àkọ́kọ́ wáyé. Ibùdó 53 ní orílẹ̀-èdè 23 ni àwọn ènìyàn ti péjọ tí wọ́n fi wákàtí 48 péré dá géèmù. Ní 2012 ni A MAZE. bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún rẹ̀ ní Berlin, ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Ọdún yẹn kan náà ni ó sì dé Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà. Àǹfààní wọn hàn gbangba. Ní 2011, Desktop Dungeons, iṣẹ́ ẹgbẹ́ kékeré kan láti Gúúsù Áfíríkà, gba ẹ̀bùn ìgbékalẹ̀ tí ó dára jù ní Independent Games Festival. Ẹni tí kò lówó ìpolówó ọjà rí ẹnu ọ̀nà wọlé.

Àpẹẹrẹ tí ó fi ẹwà àjọ̀dún wọ̀nyí hàn jù ni Johann Sebastian Joust, tí Douglas Wilson àti ẹgbẹ́ Die Gute Fabrik ní Copenhagen gbé kalẹ̀ ní 2011. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń wo ojú amóhùnmáwòrán. Olúkúlùkù òṣèré di ọ̀pá kékeré kan mú, tí iná ń tàn ní orí rẹ̀. Orin Bach, àgbà olórin ilẹ̀ Jámánì nì, ni ó ń darí wọn. Bí orin bá ń lọ jẹ́jẹ́, ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ bá mì díẹ̀, iná rẹ̀ yóò kú, ó jáde nìyẹn. Bí orin bá yára, ọ̀pá yóò gba mímì díẹ̀ sí i, àwọn òṣèré yóò sì máa fò mọ́ ara wọn, kí oníkálukú lè gbọn ọ̀pá ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tí iná rẹ̀ bá gbẹ̀yìn ni ó borí.

Àwùjọ ni iyì eré yìí. Ojú ara wọn ni àwọn òṣèré ń wò. Àwọn òǹwòran ń hó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yà fún ẹni tí ń sá. Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí ọpọ́n ayò rí yóò mọ ohun tí èyí jẹ́. Kì í ṣe ọ̀ta àti òpe nìkan ni ó ń ṣe eré níbẹ̀. Àwọn tí ó yí wọn ká, tí wọ́n ń yìn, tí wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí géèmù tí ènìyàn ń dá nìkan ṣe nínú yàrá kò lè fún un, àjọ̀dún fún un. Ní ti èyí, wọ́n yege.

Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà tí ìyìn kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀. Ọ̀pá tí ń tàn yẹn kì í ṣe ti àwọn aládàádúró. PlayStation Move ni, tí ilé-iṣẹ́ Sony gbé jáde ní 2010. Nígbà tí Joust sì di títà ní 2014, nínú àkójọ géèmù mẹ́rin tí wọ́n pè ní Sportsfriends, orí ẹ̀rọ PlayStation náà ni ó kọ́kọ́ dé. Aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lápá, a ṣò ní ọrùn. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ẹni mu.

Ẹnì kan lè jiyàn pé onílù kọ́ ni ó gbẹ́ igi ìlù rẹ̀, síbẹ̀ ìlù jẹ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí agbẹ́gilére kan bá kú, òmíràn yóò gbẹ́ ìlù. Ta ni yóò ṣe ọ̀pá yìí bí Sony bá ṣíwọ́? Àwọn olólùfẹ́ eré náà gbìyànjú: wọ́n kọ ètò JoustMania, tí ń lo kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi dípò ẹ̀rọ PlayStation. Síbẹ̀, ọ̀pá Sony náà ni ó ṣì wà lọ́wọ́ òṣèré. Wọ́n yí ilé padà, wọn kò yí kọ́kọ́rọ́ padà.

Nítorí náà, kò tó kí àwọn adájọ́ àjọ̀dún máa wo ọgbọ́n àti ẹwà nìkan. Ó yẹ kí wọ́n máa béèrè pẹ̀lú bóyá eré náà lè wà láàyè nígbà tí àgbàlá bá dá, tí èrò sì ti túká. Ihò méjìlá àti ọmọ 48 ni ayò ń fẹ́. Ẹni tí kò bá ní ọpọ́n lè gbẹ́ ihò sí ilẹ̀, kí eré bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi bá ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a wọ sàréè. Géèmù tí ó bá fẹ́ jẹ́ aládàádúró ní tòótọ́ ní láti kọ́ irú ìdúró bẹ́ẹ̀.