Ilé Àdùnní ní Òṣogbo

Àdùnní fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí rẹ̀ lọ sí ilé Àdùnní Olórìṣà ní òpópónà Ìbòkun, Òṣogbo. N kò dá wọn lẹ́bi. Susanne Wenger, tí a bí ní Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ní 1915, gbé inú ilé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi kú ní oṣù kìíní 2009, àwọn ère àti ìjókòó gbígbẹ́ tí ó wà níbẹ̀ sì tó láti gba gbogbo ọjọ́ mọ́ àlejò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé náà gan-an ni iṣẹ́ ọnà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan pè é ní ilé ìbílẹ̀. Àwọn mìíràn a ní ilé òyìnbó ni. Ilé Àgùdà ni. Ẹni tí ó bá mọ agbo ilé àtijọ́ mọ̀ pé àgbàlá ni ọkàn rẹ̀: ibẹ̀ ni òjò ń rọ̀ sí, ibẹ̀ ni a ti ń dáná, ibẹ̀ ni a ti ń parí ìjà. Ilé Àgùdà kò fi àgbàlá ṣe ọkàn ilé mọ́. Ó fi ọ̀nà kan la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó to yàrá sí ọ̀tún àti òsì, ó sì yọ fàráńdà sí òkè kí baálé lè máa wo ìgboro, kí ìgboro sì lè máa wo òun náà. (Mo fura pé ìdí kejì yìí ni ó lágbára jù.) Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí wọ́n di bíríkìlà àti káfíńtà, wà lára àwọn tí ó gbé e wá sí Èkó àti Àjàṣẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1835 ní Bàhíà. Owó òwò àti owó kòkó ni ó gbé e dé ìlú òkè.

Ẹ wá wo iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì oníhò tí Adébísí Àkànjí ṣe síbẹ̀, tí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá láàárín àwọn àwòrán rẹ̀. Bíríkìlà ni Àkànjí kí ayé tó mọ̀ ọ́n ní oníṣẹ́ ọnà, irú kìnnìún sìmẹ́ǹtì tí ó máa ń wà lára ilé Àgùdà sì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ mọ. Nítorí náà, n kò gbà pé inú àlá obìnrin kan láti òkè òkun nìkan ni gbogbo ohun tí a ń rí nínú Igbó Ọ̀ṣun ti jáde wá. Ọgbọ́n àwọn bíríkìlà wà níbẹ̀, ilé bí èyí sì ni ilé ẹ̀kọ́ wọn.

UNESCO fi Igbó Ọ̀ṣun sí ara ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Ilé ẹ̀kọ́ náà ńkọ́? Ilojo Bar ní Èkó, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, di ohun ìrántí ìjọba ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Ọgọ́ta ọdún ni ó fi wà lábẹ́ òfin. Ìwé àṣẹ kò rẹ́ ògiri, kò sì pààrọ̀ páànù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ráhùn pé ilé Àdùnní kò jọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tòótọ́, pé ilé tí ènìyàn ń gbé ni. Èyí gan-an ni mo fẹ́ràn. Ẹni tí ń sùn lábẹ́ òrùlé ni òjò ń jí nígbà tí òrùlé bá jò. Àríwísí tèmi yàtọ̀: ère ti pọ̀ jù nínú ilé náà. Bí mo bá ní àṣẹ, n ó kó díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kí àlejò lè dúró ní ẹnu ọ̀nà iwájú, kí ó sì ríran la ilé já dé ẹ̀yìn.