Níbo Ni Iṣẹ́ Ginger Baker ti Dára Jù? Ìdíwọ̀n Ìlù àti Ẹ̀tọ́ Onílù

Ginger Baker, onílù ọmọ Lọ́ńdọ̀nù (1939–2019), kì í pẹ́ nínú ẹgbẹ́. Cream, tó wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó lànà fún rọ́ọ̀kì progressive, kò lò ju nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀ lọ (1966–1968). Àwo orin kan ṣoṣo ni Blind Faith ṣe (1969). Air Force tẹ̀ lé e ní 1970, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ òun àti Fela, Baker Gurvitz Army, Hawkwind ní 1980, àti àwọn ẹgbẹ́ jáàsì tí ó kó jọ nígbà tí àgbà dé. Nítorí èyí, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò fẹnu kò lórí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára jù. Ẹni tó fẹ́ràn rọ́ọ̀kì yóò dárúkọ Cream. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà ní Áfíríkà yóò dárúkọ Live!, àwo tí òun àti Fela jọ ṣe ní 1971. Àbùkù kan náà ni ìhà méjèèjì ní: orúkọ ni wọ́n ń gbọ́, wọn kò tẹ́tí sí ìlù.

Ẹ̀rí tí àwọn ti Cream máa ń mú wá ni “Toad”, orin tí Baker ti ń dá ìlù lù. Nínú Fresh Cream (1966), nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 ni. Nínú Wheels of Fire (1968), ó lé ní ìṣẹ́jú 16. Agbára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìlù ńlá méjì kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sinmi. Kò sí ẹni tí ìlù náà ń dá lóhùn. Ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù wà nínú “Sunshine of Your Love” (1967). Àwọn onírọ́ọ̀kì a máa gbé ìró tó wúwo sórí ìkejì àti ìkẹrin. Orí ìkíní àti ìkẹta ni Baker gbé e sí. Ìlù náà fara sin sínú orin, síbẹ̀ bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìrìn orin náà yóò yí padà pátápátá.

Ìdíwọ̀n tó yẹ kò jìnnà sí ẹni tó mọ ẹgbẹ́ dùndún. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni aráyé ń yìn. Ṣùgbọ́n gúdúgúdú àti kẹríkẹrì ni ó di ilẹ̀ mú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń yéni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìlù kì í béèrè pé ta ni ó pariwo jù. Ohun tó ń béèrè ni pé: bí a bá yọ ìlù yìí kúrò, kí ni yóò wó?

Bí a bá bi Live! ní ìbéèrè yìí, ìdáhùn rẹ̀ kò ní dùn mọ́ àwọn tó fi ń ṣe ẹ̀rí. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, níwájú àwọn òǹwòran. Orúkọ Baker wà lójú páálí àwo náà pẹ̀lú ti Fela àti Africa 70. Ṣùgbọ́n ẹni tó di ilẹ̀ orin náà mú ni Tony Allen, ọmọ Èkó, onílù ẹgbẹ́ náà. Bí Baker bá dìde, orin Fela kò ní wó. Bí Allen bá dìde, Afrobeat ti dìde nìyẹn. Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Olùgbọ́ Yorùbá tó bá fi Live! dé Baker ládé, ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ rò pé Áfíríkà ni òun ń gbé ga.

Ibi tí Baker ti yege jù nínú ìdánwò yìí ni Going Back Home (1994), àwo tí òun, Bill Frisell onígìtá àti Charlie Haden oníbéèsì jọ ṣe. Ènìyàn 3 péré ni wọ́n. Kò sí ibi tí ìró kan lè sá pamọ́ sí. Ìlù Baker kò kánjú, kò sì pariwo. Ó ń fi àyè sílẹ̀ fún gìtá, ó sì ń dá béèsì lóhùn. Ìró àwọn ìlù kéékèèké rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ohùn ènìyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yé di ilẹ̀ mú. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, orin náà yóò tú.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ní Èkó ni ó so èso níbẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí Baker dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1973 fi hàn pé kì í ṣe àlejò ọjọ́ kan. Síbẹ̀, ó ti gbọ́ àwo ìlù Áfíríkà lọ́dọ̀ Phil Seamen, onílù jáàsì, kí Cream tó bẹ̀rẹ̀. Remi Kabaka sì ti bá a lùlù nínú Air Force ní 1970. Àti pé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà ju iyàn àwọn olólùfẹ́ lọ: bí a bá ka iṣẹ́ Allen mọ́ ti Baker, ìtàn orin yóò gbàgbé ẹni tó ni ìlù.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó gbọ́ ìlù tí àwọn méjèèjì jọ lù níbi àjọ̀dún jáàsì Berlin ní 1978, èyí tí wọ́n fi kún Live! nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde. Kò sí ohun èlò mìíràn níbẹ̀ tó lè bo ìyàtọ̀ ọwọ́ wọn mọ́lẹ̀. Ọwọ́ Baker wúwo, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ odó. Ọwọ́ Allen fúyẹ́, ó ń rìn láàrin àlàfo tí ti èkejì fi sílẹ̀. Ìyìn tó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn gbangba, láìjẹ́ pé a gba ti ọ̀kan fún èkejì.