Olùjẹ́jọ́ Kì í Ṣe Ọ̀daràn: Lámèyítọ́ lórí Ìtumọ̀ Èdè Kóòtù sí Yorùbá

Ohun tí ó ṣokùnfà àpilẹ̀kọ yìí ni ìwé ìpẹ̀jọ́ kan tí ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ní ìlú òkèèrè tí a ti ń ṣiṣẹ́, gbé wá pé kí a bá òun kà. Onílé rẹ̀ ni ó pè é lẹ́jọ́ lórí owó ilé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá sọ pé wọ́n "fi ẹ̀sùn kàn án", ìyá sì ti di ẹrù láti sá lọ bá ọmọ rẹ̀. Bí ó bá sá lọ láìfèsì, ilé-ẹjọ́ lè dá onílé láre lẹ́yìn rẹ̀.

Etí òde òní ti so "ẹ̀sùn" mọ́ ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n. Nínú ẹjọ́ ẹnìkan sí ẹnìkejì, ẹ̀tọ́ ni olùpẹjọ́ ń bèèrè, "ohun tí olùpẹjọ́ ń bèèrè" sì tó láti túmọ̀ "claim". A kò fara mọ́ àwọn tí ó fẹ́ kí a pa "jẹ̀bi" tì ní tiwọn. Àwọn baba wa ti ń sọ ẹni tí ó jàre àti ẹni tí ó jẹ̀bi lórí ààlà oko kí kóòtù òyìnbó tó dé. "Olùpẹjọ́" náà kò ní àbùkù. Nígbà tí ìlànà kóòtù gíga Èkó ti 2004 fi "claimant" rọ́pò "plaintiff", Yorùbá kò nílò àyípadà kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni "damages". Àwọn kan ń pè é ní "ìbàjẹ́", bẹ́ẹ̀ owó ni, kì í ṣe ìpalára. "Owó gbà-máà-bínú" sàn jù, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ ni ó ti ń jáde, nígbà tí ó jẹ́ pé àṣẹ ni ti kóòtù. Ó tún bo ohun kan mọ́lẹ̀: irú owó yìí méjì ni. Èyí tí adájọ́ fojú díwọ̀n lè máa jẹ́ gbà-máà-bínú. Èyí tí a kà ní náírà àti kọ́bọ̀, bí owó ìwòsàn tàbí àtúnṣe ọkọ̀, gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tí ó múná. A dábàá "owó àdánù" fún un. Ẹni tí ó gbọ́ gbà-máà-bínú nìkan lè mú omijé lọ, kí ó gbàgbé rìsíìtì sílé. "Owó ìtanràn" ni kí a fi sílẹ̀ fún èyí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ arúfin.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Abala 36 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fún ẹni tí a fi ọ̀ràn kàn ní ògbifọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ gbèsè. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ àdúgbò ni irú wọn ń gbé ìwé lọ. A ti ń lo ìwé ìpẹ̀jọ́ tí a pa orúkọ inú rẹ̀ rẹ́ nínú kíláàsì ìtumọ̀ wa báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì tíì fẹnu kò lórí "owó àdánù".