Fáìlì Tí A Sọ Di Ohùn

Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó gba sùúrù, tí ó sì kún fún adùn, ni kíkó fáìlì láti inú kọ̀ǹpútà òde-òní sínú kọ̀ǹpútà ilé ti àtijọ́, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n tà fún ìdílé ní àwọn ọdún 1980, tí bọ́tìnì ìtẹ̀wé àti gbogbo ẹ̀yà inú wọn wà nínú ike kan ṣoṣo, tí ó sì jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ilé ni iṣẹ́ wọn ti ń hàn. ZX Spectrum, tí ilé-iṣẹ́ Sinclair gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹrin ọdún 1982, ni ó yẹ kí ẹni tí ń gbé Ògijo tàbí Ṣágámù kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́, nítorí pé ìlànà àwọ̀ PAL tí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà náà ni Nàìjíríà lò pẹ̀lú, agbára iná ilẹ̀ méjèèjì kò sì yàtọ̀ síra.

Ẹ̀rọ yìí kò ní ihò USB, bẹ́ẹ̀ ni ìrántí èyí tí ó tóbi jù nínú ẹ̀yà méjì tí wọ́n kọ́kọ́ tà kò ju kìlóbáìtì 48 lọ. Ihò kékeré kan tí wọ́n kọ EAR sí lára ni ó ń gbà gbọ́ ohùn kásẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ náà sì ni fáìlì gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Nítorí náà, sọ́fítíwíà kan lórí kọ̀ǹpútà òde-òní yóò ka fáìlì TAP tàbí TZX, tí í ṣe irú fáìlì tí wọ́n ń tọ́jú ohun inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí, yóò sì sọ ọ́ di ohùn. Okùn kan ni yóò so ihò ìgbọ́rọ̀ kọ̀ǹpútà, tàbí ti fóònù pàápàá, mọ́ EAR. Bí a bá ti pàṣẹ LOAD, ohùn gbọọrọ kan tí kò yí padà ni yóò kọ́kọ́ dún kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń bọ̀, lẹ́yìn náà ni òdo àti ení yóò máa tẹ̀lé ara wọn, tí ìgbì ení gùn ní ìlọ́po méjì ìgbì òdo, tí ìlà búlúù àti yẹ́lò sì ń sáré yí etí tẹlifíṣọ̀n ká. Eré tí ó bá kún ìrántí náà lè gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Etí ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Bí ohùn bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀rọ kò ní gbọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, orí ìgbì yóò tẹ́, báìtì yóò sì ṣì. Ó tún yẹ kí a fi ohùn náà pamọ́ bíi WAV, kì í ṣe MP3, torí pé MP3 a máa yọ ohun tí etí ènìyàn kò fiyè sí kúrò, bẹ́ẹ̀ ibi tí ìgbì ti ń yí padà gan-an ni ẹ̀rọ ń wò. Báìtì ìkẹyìn ni ẹ̀rọ fi ń yẹ gbogbo ohun tí ó gbà wò. Bí kò bá bá a mu, yóò kọ “Tape loading error”, iṣẹ́ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tún rédíò onkásẹ́ẹ̀tì ṣe nígbà tí àpàlà àti fújì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì mọ bí a ti ń fi tọ́ńfáìsì yí ìdè kékeré ẹ̀gbẹ́ orí tí ń ka téèpù títí ohùn yóò fi mọ́ gaara, ìmọ̀ yẹn sì wúlò níhìn-ín láìdín kù.

Ọ̀nà tí ó yá wà: fún Commodore 64, kọ̀ǹpútà ilé mìíràn tí òun náà jáde ní 1982, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní SD2IEC ń fi mẹ́mọ́rì káàdì ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ díìsìkì. Ó dára, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ fáìlì bí ó ti ń kọjá.

Iná ni ìṣòro tí ó le jù ní Ògijo, nítorí pé bí ó bá lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo ohun tí ó wọlé ti ṣègbé. Bátìrì pẹ̀lú ohun tí ń sọ fóólùtì 12 di 9 ni ojútùú, ṣùgbọ́n àárín ẹnu okùn iná Spectrum ni òdì rẹ̀ wà, ẹni tí ó bá sì fi í sí òdìkejì lè jó ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bátìrì mú ọ̀rọ̀ ààtàn wá: ìlú yìí kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí ẹgbẹ́ Basel Action Network ní ọdún 2005 sọ pé bíi kọ̀ńténà 500 ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ṣe é tún ṣe. Ẹ̀rọ tí ó ṣì lè gba fáìlì tuntun kì í ṣe ti ààtàn.

Okùn ohùn tí a fi sí EAR kan náà ni a ń lò láti gba iṣẹ́ jáde láti inú Spectrum: a ó gbé e sí ihò MIC, a ó pàṣẹ SAVE, kọ̀ǹpútà òde-òní yóò sì gba ohùn náà sílẹ̀. Èyí ni iṣẹ́ kánjúkánjú jù, nítorí pé téèpù ń bàjẹ́, ohun tí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 1984 lè má ní ẹ̀dà mìíràn níbikíbi.